Ta ló ń kọ́ àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó jẹ́ àkàndá?

Àwa oníṣòwò mọ̀ pé kí iṣẹ́ kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú, ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù náà sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo ìtàn ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ náà ò jìnnà sí wa. Ní 1953, àwọn míṣọ́nnárì Sudan United Mission dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, ní Plateau níbí. Ní 1960, Andrew Foster dá ti àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di adití. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ẹ ò rí nǹkan? Adití ló di ọ̀gá fún adití.

Àmọ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pọ̀, tíṣà tó mọ iṣẹ́ náà ò tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ jinlẹ̀, òkè òkun ló ń lọ. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún irú tíṣà bẹ́ẹ̀, òun ló wà ní Ọ̀yọ́ lónìí. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos náà dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀. Lónìí èèyàn lè kà á débi oyè ọ̀mọ̀wé nílé níbí, láìwọ bàálù.

Ẹ má rò pé orúkọ lásán ni ọ̀mọ̀wé o. Àwọn ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Àwọn ló ń kọ́ ẹni tó ń kọ́ tíṣà, àwọn ló ń wò ó bóyá ohun tí à ń ṣe ń so èso, àwọn ló sì ń gba ìjọba nímọ̀ràn.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ á ka bíráìlì, á gba wáẹ̀kì, á wá padà jókòó sílé. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ti 1990 ní kí ilé ẹ̀kọ́ ti máa bá ọmọ ṣètò iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde, ó pẹ́ tán láti ọmọ ọdún 16. Tiwa, òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gba àkàndá tó ìdá 5 nínú 100, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò múra ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà? Àwọn ọ̀gá yẹn là ń wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí yàrá mọ́. A ń kọ́lé sí ìlú wa, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní yunifásítì, ẹ ka iṣẹ́ yìí dókè. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ ká gba ọmọ àkàndá síṣẹ́, ká ka ọdún fún un, ká ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.