Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ La Ń Pa Àmúkùrù Ẹpọ̀n

Àgbà tó pa òwe yìí kò ní ká fi kòkòrò náà sílẹ̀ kó máa jẹun lọ. A ó pa á dandan, ṣùgbọ́n ibi tó bà lé ni kò jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fọ́n kẹ́míkà sí koríko ní Festac àti Amuwo-Odofin gan-an nìyí: ibi tí èpò wà ni ẹ̀fọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni omi ẹja ń gbà kọjá.

Ẹ wo ọ̀nà omi tó ti Badagry wá sí Mile 2. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko omi tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn ní ọ̀sà Badagry. Ìhà Porto-Novo ló ti léfòó wá. Kẹ́míkà tí ń jẹ́ glyphosate ń pa á. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń jẹrà lójú omi, èémí á há mọ́ ẹja nísàlẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà náà sí odò Abiala ní Niger Delta, ipò tí ẹja wà ni Olaleye àti Akinyemiju ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1996.

Lórí ilẹ̀, wàhálà mìíràn ló wà. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, kẹ́míkà apakoríko mìíràn, ó sì rọrùn kéèyàn wá gbójú lé glyphosate nìkan. Bí a bá ń lo kẹ́míkà kan ṣoṣo lọ́dọọdún, èpò tí kò kú ni yóò so, irúgbìn rẹ̀ ni yóò sì kún ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni koríko ryegrass ṣe kọ glyphosate ní Australia ní 1996. Nígbà tó di 1997, ó kan gbági ní Malaysia. Gbági yìí kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ni koríko tí ìdí rẹ̀ funfun, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń hù láàárín òkúta ìntálọ́ọ̀kì lẹ́nu géètì, tó sì le fà tu bí okùn.

Ẹ̀sọ̀ tí òwe ń wí, ìdánwò ni, láti mọ̀ bóyá èpò ṣì ń gbọ́ glyphosate. Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ èpò yín. Àwòrán wọn wà nínú ìwé tí Akobundu àti Agyakwa kọ ní IITA, Ìbàdàn, ní 1987. Ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sínú agolo mẹ́rin tí ẹ ti lu nídìí. Bó bá yọ ewé mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má fọ́n nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Ẹ fi ìdajì òṣùwọ̀n tó wà lára ìgò kẹ́míkà sí ìkejì, odindi sí ìkẹta, ìlọ́po méjì sí ìkẹrin. Ìlọ́po méjì yìí, inú agolo ló mọ. Kò gbọdọ̀ dé oko. Ẹ gbé wọn síbi tí òjò kò ti ní pa wọ́n, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Omi tí ẹ fi po kẹ́míkà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ má bu omi kánàlù sí tánkì: glyphosate a máa lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, agbára rẹ̀ á sì ti tán kó tó kan ewé. Bí gbogbo koríko inú oko bá yè, ẹ fura sí omi, òjò, tàbí ayédèrú kẹ́míkà. Bí gbági kan bá tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbági tó ti gbẹ, ara gbági ọ̀hún ni ọ̀rọ̀ wà. Èpò tí ń jẹ́ gọ̀dọ̀gbọ̀ ní tirẹ̀ kò fìgbà kan tètè gbọ́ glyphosate. Ìwà àbínibí rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe bí èpò bá kọ̀ ni pé wọ́n á tún fi kún kẹ́míkà. Èyí tó bá yè náà ni wọ́n tún ń ṣà sílẹ̀ fún irúgbìn, ẹ̀fọ́ àti ẹja á sì jìyà èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹni tí agolo bá ti fi hàn pé gbági rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, kó gbé ọkọ́ sí i kó tó so. A kò tíì gbọ́ gbági tó kọ ọkọ́.