Òògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Nígbà Oyún

Òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni èyí tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí ìbànújẹ́ ti borí rẹ̀, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí oorun kò kùn ún, tí kò sì sí ohun tó wù ú ṣe mọ́. Àìsàn náà kì í yọ aboyún sílẹ̀. Ìran òògùn tí wọ́n ń pè ní SSRI, bíi fluoxetine, sertraline àti paroxetine, ni àwọn aboyún ń lò jù. Wọ́n ń gba inú ibi ọmọ dé ara ọmọ inú oyún, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù náà gbilẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, nígbà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé paroxetine lè fa àbùkù ọkàn fún ọmọ bí ìyá bá lò ó láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà yẹ oyún tó lé ní 900,000 wò. Nígbà tí wọ́n yọ ipa àìsàn fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, wọn kò rí i pé òògùn SSRI mú kí àbùkù ọkàn pọ̀ sí i ní ti gidi.

Ewu kan wà síbẹ̀. Nínú 1,000 ọmọ, nǹkan bíi 2 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn kì í ṣí dáadáa lẹ́yìn ìbí. Bí ìyá bá lo SSRI ní ìparí oyún, wọ́n a tó 3. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé nǹkan bíi ọmọ 3 nínú 10 a máa gbọ̀n, a máa ké ṣáá, tàbí kí ó má lè mu ọmú dáadáa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Àìlo òògùn náà ní ewu tirẹ̀. Aboyún tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lè má jẹun, ó lè má lọ síbi ìtọ́jú aboyún, ó lè bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Òmíràn a tilẹ̀ gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ìwádìí kan ní 2006 tẹ̀lé aboyún 201 tí ara wọn ti yá lórí òògùn. Nínú àwọn tó dá a dúró, 68 nínú 100 ni àìsàn náà tún padà bá; nínú àwọn tó ń lò ó lọ, 26 ni.

Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí oyún nìkan gba òògùn lọ́wọ́ obìnrin. Sertraline ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí díẹ̀ ló ń wọ inú omi ọmú. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà kò bá le, ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn lè tó.

Ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń lo òògùn yìí, ẹ má ṣe dà á nù lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ lóyún. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà yín, kí ẹ jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.