Èènì Ọjà àti Èènì Ilé Tẹ́tẹ́: Ta Ló Ń San Owó Ọ̀fẹ́?

Ìtàn tí a gbé wá lónìí, inú ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ ló já sí.

Ẹni tó bá ra gàrí ní ọjà Arzèkè mọ̀ pé lẹ́yìn tí ìyá ọlọ́jà bá ti wọn ọjà tán, ọwọ́ rẹ̀ la tún máa ń wò. Èènì là ń retí. Bó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú wa á dùn, a ó sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn Hausa ń pè é ní gyara, ibẹ̀ ni "jàrá" tí wọ́n ń sọ ní Èkó ti wá. Èènì kì í ṣe àánú. Ìyá ọlọ́jà mọ iye tó ra gàrí, ó mọ èrè tó wà lórí rẹ̀, inú èrè yẹn ló ti bu díẹ̀ fún wa kí á lè di oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wa ló ṣe é, gàrí sì wà lọ́wọ́ wa nígbà tí a ń lọ sílé.

Parakou tún mọ irú ọ̀fẹ́ mìíràn. Kí ọkọ̀ ojú irin tó ti Cotonou dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ìlú àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ni. Ọ̀nà tó ti ilẹ̀ Hausa lọ sí ilẹ̀ Gonja, níbi tí wọ́n ti ń ra obì gbànja, gba Nikki, Parakou àti Djougou kọjá. Bí oníṣòwò bá dé sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó máa ń ní onílé tó ń gbà á sílé ní sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò. Onílé á fún un ní yàrá, á fún un lóúnjẹ, kò sì ní gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí àlejò bá ta ọjà rẹ̀ ni onílé á gba ìpín tirẹ̀, torí òun ló bá a wá ẹni tó rà á, òun ló sì ṣe onídùúró. Àlejò mọ̀ pé òun lòun ń san owó oúnjẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ta ọjà, ó jèrè, onílé náà jèrè.

Òyìnbó náà ní èènì tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ní 1896, ilé iṣẹ́ Sperry & Hutchinson bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà pélébé aláwọ̀ ewé, tó dà bí sítáǹbù lẹ́tà, fún àwọn onísọ̀. Ẹni tó bá rajà á gba díẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, bí ìwé bá kún á fi gba ohun èlò ilé. Ní 1981, American Airlines gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ inú ọkọ̀ òfuurufú: bí èèyàn bá ti ń fò tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kó máìlì jọ fún ìrìn àjò ọ̀fẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìpínlẹ̀ Nevada fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ ní 1931. Láyé àtijọ́ ní Las Vegas, àwọn olówó ńlá ni wọ́n ń fún ní yàrá àti oúnjẹ ọ̀fẹ́. Alábòójútó tábìlì ló ń fojú wọ̀n wọ́n. Ẹni tó ń fi owó wẹ́wẹ́ ta kálòkálò, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé tẹ́tẹ́ ní Atlantic City bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníkálòkálò ní káàdì, kí ẹ̀rọ lè máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá ta.

Ní 1998, Gary Loveman, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò Harvard, lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Harrah's. Ó kọ ọ́ síta ní 2003 pé nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ káàdì wò, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà ló ń mú ìdá 82 owó wọlé. Wọn kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ. Olùkọ́ ni wọ́n, dókítà, òṣìṣẹ́ báńkì, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn àgbà tó ráyè jókòó. Àwọn ẹni bíi tiwa ni.

Báwo ni káàdì ṣe ń wọn èènì? Wọ́n ń wo iye tí èèyàn ń ta lẹ́ẹ̀kan, iye ìgbà tó ń ta ní wákàtí kan, iye wákàtí tó jókòó, àti ìdá tí ẹ̀rọ máa ń dá dúró fún onílé. Ká sọ pé ẹnì kan ń ta 500 fráǹkì lẹ́ẹ̀kan, tó ta á ní ìgbà 400 ní wákàtí kan. Ó ti ta 200,000. Bí ẹ̀rọ bá ń dá 8 dúró nínú 100, 16,000 fráǹkì ni onílé ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ṣe é lálejò, 3,200 ni. Oúnjẹ 3,200 tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, 16,000 ló rà á. Lóòótọ́, ó lè jẹ lónìí, ó lè pàdánù ìlọ́po rẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n onílé kì í ka ọjọ́ kan. Oṣù àti ọdún ló ń kà.

Ìyàtọ̀ rèé, ẹ̀yin ará wa. Èrè orí gàrí ni ìyá ọlọ́jà ti ń mú èènì tirẹ̀ wá. Inú ọjà tí àlejò tà ni onílé sóńgò ti ń mú tirẹ̀. Inú ohun tí a óò pàdánù ni onítẹ́tẹ́ ti ń mú tirẹ̀, kò sì sí gàrí kankan tí a óò gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọdún 1967 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ lọ́tìrì orílẹ̀-èdè Benin sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Dahomey. Ní Nàìjíríà, ta ni kò mọ Baba Ìjẹ̀bú? Nínú nọ́ḿbà 90, márùn-ún ló ń jáde. Ẹni tó mú méjì máa ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú bí ìgbà 400, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì ń san fún un. Ẹni tó bá fi 100 náírà ta á nígbà 400 ti ná 40,000. Bí ó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, 24,000 ló gbà.

Ní báyìí, orí fóònù ni tẹ́tẹ́ wà, owó MoMo ni àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ta á, "bónọ́ọ̀sì" sì ni orúkọ tuntun tí èènì ń jẹ́. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní bónọ́ọ̀sì 10,000 fráǹkì, tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ta á ní ìlọ́po 20 kó tó lè gbà á, 200,000 ni yóò ta. Bí onílé bá ń dá 5 dúró nínú 100, 10,000 ló máa kó lọ. Bónọ́ọ̀sì ti padà sílé ẹni tó fún un nìyẹn. Bí èèyàn bá sì so eré bọ́ọ̀lù márùn-ún pọ̀ nítorí pé wọ́n á fi ìdá 10 kún owó tó bá jẹ, 5 tí onílé ń dá dúró lórí eré kan á di 22 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú ìdá 10 yẹn, nǹkan bí 15 ṣì ń bọ́ sọ́wọ́ onílé.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ta tẹ́tẹ́, kó kọ́kọ́ ya iye tí kò ní dùn ún sọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó àjọ, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ. Kó béèrè iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ ta bónọ́ọ̀sì kó tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ní àmì lórí káàdì, kó tètè fi gba oúnjẹ tàbí owó, kó má fi tún tẹ́tẹ́ ta. Kó má sì fi fráǹkì kan kún un nítorí àtidé ipò wúrà. Ẹni tó bá rí i pé òun kò lè dúró, kó pa káàdì tì, kó sì bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí èènì tó tó ìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹyìn inú ẹ̀bìtì kì í ṣe oúnjẹ eku, bó ti wù kó pọ́n tó.

Ní àdúgbò tiyín ńkọ́, kí ni wọ́n ń pe èènì? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o.