Adìẹ Ilé àti Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó: Ìtàn Ètò Ọdún Àwọn Ọlọ́sìn Àfipawọ́ láti 1897

1. Ìfáàrà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Àkókó, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: ogun Tápà tí ó lé àwọn ènìyàn gun orí òkè, kòkó tí ó wọ oko ní ọ̀rúndún ogún, àti ọ̀nà ọkọ̀ tí ó so Ìkàrẹ́ pọ̀ mọ́ Ọ̀wọ̀. Adìẹ kì í sí nínú ìtàn náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Adìẹ kéré, kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń gbé e lé òṣùwọ̀n bí wọ́n ti ń gbé kòkó, kì í sì í wọ inú ìwé ìṣirò ìjọba àfi gẹ́gẹ́ bí àfojúdá. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí agbo-ilé kan ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà tí àkùkọ kì í kọ ní ìdájí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí àwọn ará ìlú méjèèjì yìí ti ń ṣètò adìẹ àti ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn láti ọdún dé ọdún, àti ohun tí ó yí ètò náà padà. Ọ̀sìn àfipawọ́ ni ọ̀sìn tí kì í ṣe òun ni olórí iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe é: àgbẹ̀ oníṣu, ìyá ọlọ́jà, olùkọ́ tàbí akọ̀wé ni onítọ̀hún, ṣùgbọ́n adìẹ mẹ́fà tàbí méje ń jẹ̀ ní àyíká ilé rẹ̀. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe bí adìẹ ti tóbi tó tàbí bí ẹyin rẹ̀ ti pọ̀ tó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni ẹni tí agbo adìẹ ọdún tí ń bọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀.

2. Láti orí òkè dé ẹsẹ̀ ọ̀nà

Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni ilẹ̀ Àkókó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà láti Bídà ń kó àwọn ará agbègbè náà lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú fi ṣe odi. Ní 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, tí ìbẹ̀rù ogun ẹrú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Orúkọ Òkè-Ọ̀kà ṣì ń jẹ́rìí sí ibùgbé àtijọ́ náà títí di òní. Ó bá ọgbọ́n mu láti gbà pé sísọ̀ kalẹ̀ yìí fún ilé ní ẹ̀yìnkùlé tí ó gbòòrò ju ti orí àpáta lọ, níbi tí ààtàn, àgò adìẹ àti ebè ẹ̀fọ́ ti lè wà nítòsí ara wọn.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “ìbílẹ̀”. Ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni awó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Éṣíà ni ìran adìẹ ti ṣẹ̀ wá. Egungun adìẹ tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní Jenne-jeno ní Málì àti ní Kirikongo ní Burkina Faso fi hàn pé ó ti lé ní 1,000 ọdún tí adìẹ ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àgbàdo tí adìẹ ń ṣà jẹ kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn 1492. Síbẹ̀, adìẹ ti wọ inú èrò Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú ìtàn ìṣẹ̀dá, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ ọmọ ìka márùn-ún ni ó tan erùpẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ìbílẹ̀ ni ohun tí àwọn ènìyàn ti gbà, tí wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe lè mú kí ó máa bá a lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ yìí ni yóò wúlò fún wa níwájú.

3. Ìṣirò ọdún kan

Adìẹ àti ọgbà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ní gbogbo ìgbà. Adìẹ a máa hú irúgbìn, a sì máa ṣá ewé ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Òwe tí ó ní “adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin” fi irú ìjà tí èyí lè dá sílẹ̀ láàárín aládùúgbò hàn: ẹni méjèèjì ni yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ kan náà ni ó ń mú kí tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti ilá ṣe dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Iṣẹ́ olóye ọlọ́sìn ni láti fi àkókò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Òjò àti ọyẹ́ ni ó pín ọdún náà. Ní oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ, kí ọyẹ́ tó le, ni ọlọ́sìn máa ń ta àwọn àkùkọ tí ó ti dàgbà. Ọjà dára nígbà náà nítorí ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Àrùn tí ń bá ọyẹ́ rìn kò sì tíì dé. Àwọn àgbébọ̀ tí ó mọ ọmọ tọ́ àti àkùkọ kan tí ó lágbára ni yóò ṣẹ́ kù. Ní Èrèlé, wọn a gbá ilé adìẹ, wọn a sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí ebè yóò wà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, irúgbìn bọ́ sí ilẹ̀. Ní àkókò yìí ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá àti màrìwò ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ ká, tí wọ́n sì ń fi àgò bo ìyá adìẹ àti àwọn òròmọdìẹ rẹ̀, kí àṣá má baà gbé wọn, kí àwọn náà má sì baà wọ orí ebè. Nígbà tí àgbàdo bá gbó ní Òkúdu àti Agẹmọ, oúnjẹ dé fún adìẹ: èèrí ògì, àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ, èèpo gbágùúdá tí a ti sá gbẹ.

Ìṣirò tí ó wà nídìí ètò yìí kò díjú. Bí àgbébọ̀ kan bá sàba ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún lórí ẹyin 10, ọjọ́ 21 ni yóò fi jókòó lórí wọn nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pa 8 nínú 10, òròmọdìẹ 24 ni ọdún náà. Bí àṣá, òtútù àti àìsàn bá mú ìdajì, 12 ni yóò kù. Nínú 12 yìí ni ẹni tí ó ni ín yóò ti rí èyí tí yóò tà láti ra ìwé ọmọ, èyí tí yóò pa fún àlejò, èyí tí yóò lò fún ètùtù tàbí ìsìnkú, àti méjì tàbí mẹ́ta tí yóò dì mú di ọdún mìíràn. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé bí ọlọ́sìn kò bá tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ ra adìẹ, agbo rẹ̀ lè di ọ̀tun lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni adìẹ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Iṣu àti kòkó sábà jẹ́ ti baálé, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé lè ní adìẹ tirẹ̀, ọmọdé pàápàá lè ní ẹyọ kan. Ẹni tí kò ní rárá lè gba àgbébọ̀ ẹlòmíràn sìn, kí wọ́n sì pín ọmọ rẹ̀. Nípa báyìí, adìẹ ni owó ìpìlẹ̀ tí ó kéré jù tí aláìní lè fi bẹ̀rẹ̀.

4. Lùkúlùkú

Ètò yìí ní ọ̀tá kan tí ó ju àṣá àti akátá lọ. Àrùn tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní lùkúlùkú, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran mọ̀ sí Newcastle, ni. Ní 1926 ni wọ́n dá a mọ̀ ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba orúkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, ní ìparí 1952, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1953. Adìẹ tí ó bá kọlù a máa wó ìyẹ́, a máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a sì lọ́. Ó lè gbá agbo-ilé kan mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ó sì sábà máa ń jà jù.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom, nítòsí Jọs, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ ni wọ́n ń di oògùn inú ìgò kan fún, inú òtútù ni ó sì gbọ́dọ̀ wà láti Vom títí dé ibi tí a ó ti lò ó. Kí ni ìyá tí ó ní adìẹ méje ní Ọ̀kà yóò fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ ṣe? Kì í ṣe àìmọ̀kan ni kò jẹ́ kí ó ra abẹ́rẹ́. Ìgò náà ni kò bá ilé rẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí títa adìẹ kí ọyẹ́ tó dé fi jẹ́ ọgbọ́n: ohun tí kò lè wò sàn, ó fi àkókò yẹra fún un.

5. Adìẹ àgíríìkì

Láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ìjọba ti ń fẹ́ mú ọ̀sìn adìẹ gbèrú. Ní ìparí ọdún 1950 sí 1959 ni ìjọba náà dá ètò ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n wo àwòṣe rẹ̀ lára abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ọ̀sìn adìẹ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí ó kan ẹ̀yìnkùlé gan-an ni Operation Feed the Nation, tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní oṣù Èbìbí 1976. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà. Ìjọba rọ olúkúlùkù láti gbin nǹkan sí ibikíbi tí ilẹ̀ bá ṣófo, kí wọ́n sì sin adìẹ. Wọ́n tilẹ̀ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko ní àkókò ìsinmi.

Ètò náà ní láárí, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ó gbé wá, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní àgíríìkì, yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹyin rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò sì ní àárẹ̀ àtisàba, nítorí àwọn tí ó dá ìran rẹ̀ sílẹ̀ ti yọ ìwà sísàba kúrò lára rẹ̀ kí ó lè máa yé láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀. Ìyẹn náà sì ni ìdè rẹ̀. Adìẹ tí kì í sàba kò lè fi ọmọ rọ́pò ara rẹ̀ nínú ilé. Ní ọdọọdún ni olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan. Kò lè ṣà jẹ kí ó sì yé tó bí ó ti yẹ, nítorí náà rírà ni oúnjẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ètò ọdún kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ sí ọwọ́ ilé ìpamọ àti ọlọ́jà oúnjẹ ẹran.

Ewu inú èyí hàn láìpẹ́. Ìjọba alágbádá fi ètò Green Revolution rọ́pò ti ológun ní 1980. Ní 1985 ni wọ́n fi òfin de kíkó àgbàdo wọ orílẹ̀-èdè yìí, ní 1986 sì ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, tí iye náírà sì já wálẹ̀. Oúnjẹ adìẹ wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ilé adìẹ ńlá ní Nàìjíríà sì ṣófo. Adìẹ tí ń jẹ̀ ní ààtàn kò mọ̀ pé náírà já. Kì í ṣe pé ó dára ju àgíríìkì lọ ní ti ẹyin. Ohun tí ó ní ni pé kò gbára lé ọjà òkèèrè kí ó tó lè rí ọdún mìíràn.

6. Àwọn tí ó tún ọ̀rọ̀ náà wò

Nínú àwọn onímọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà pé adìẹ ìdílé yẹ fún ìwádìí tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti dá ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan sílẹ̀ lórí adìẹ ìgbèríko ní 1989, ẹgbẹ́ náà sì di ti gbogbo àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n ṣe àjẹsára I-2 fún lùkúlùkú, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí wọ́n sì lè kán sí ojú adìẹ. Ìgbà yìí ni oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé kékeré mu.

Ní ilẹ̀ Àkókó fúnra rẹ̀, wíwá yunifásítì ìpínlẹ̀ sí Àkùngbá, tí ó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní 1999 mú kí àwọn olówó oṣù pọ̀ sí i ní agbègbè náà, tí ọlọ́sìn àfipawọ́ sì lè wà láàárín wọn. Ní oṣù Èrèlé 2006, àrùn ẹyẹ H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ó tún padà wá sí Nàìjíríà ní 2015. Ó rán olúkúlùkù létí pé adìẹ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kò dá wà: ọjà kan náà ni gbogbo adìẹ ń gbà kọjá.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé kí á kọ adìẹ tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni ètò tí iṣẹ́ yẹ kí ó gbà. Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìẹ. Láti 1959 ni àwọn ètò ìjọba ti ń bá adìẹ wí pé ó kéré, pé ẹyin rẹ̀ kò tó, nígbà tí akátá, èyí tí í ṣe lùkúlùkú, ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé. Bí àjẹsára tí ó bá agbo kékeré mu bá dé ọwọ́ ìyá tí ó ní adìẹ méje kí ọyẹ́ tó dé, ìdajì òròmọdìẹ tí ó ń sọnù lè dín kù, kò sì ní ra ìran mìíràn kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni yóò lè yan, bí ó bá wù ú, láti fi àgíríìkì kún un. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ tí ó mọ ẹyin sàba gbọ́dọ̀ wà nínú àgò, nítorí lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni agbo ọdún tí ń bọ̀ wà.