Abẹ́rẹ́, Abẹ àti Lésà: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Kàtáráàtì

Lẹ́yìn ọmọlójú ni lẹ́ǹsì kékeré kan wà tó mọ́ gaara. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, lẹ́ǹsì yìí lè di funfun, kó máa dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Kàtáráàtì nìyẹn. Kò sí oògùn tí a lè kán sójú tó lè wò ó sàn. Àfi kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà.

Láyé àtijọ́, wọn kì í yọ ọ́. Ní Íńdíà àtijọ́, àti lápá òkè ọya nílẹ̀ Nàìjíríà títí di àsìkò tiwa, abẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣègùn alárìnká fi ń gún ojú, tí wọn á fi ti lẹ́ǹsì náà ṣubú sínú ẹyinjú. Aláìsàn á ríran fírífírí lójú ẹsẹ̀, á sanwó, oníṣègùn á sì ti kúrò nílùú kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Jacques Daviel, ará Faransé, ló kọ́kọ́ la ojú ní 1747 tó sì mú lẹ́ǹsì náà jáde. Gbogbo ìrora rẹ̀ ni aláìsàn ń jẹ, nítorí ó di 1884 kí Carl Koller tó fi kokéènì pa ojú lára ní Vienna.

Ojú tí wọ́n yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì ríran bó ṣe yẹ láìsí awò tó nípọn. Harold Ridley ló tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí, òun ni mo sì kà sí akọni jù nínú gbogbo wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rún ike Perspex tó fò láti ara ọkọ̀ òfurufú sínú ojú àwọn awakọ̀ ogun kò fa wàhálà kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1949, nílé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ǹsì Perspex sínú ojú obìnrin kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbà dókítà fi bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó darúgbó, irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sójú òun fúnra rẹ̀.

Ní 1967, Charles Kelman ní New York mú ọgbọ́n láti ara irinṣẹ́ tí dókítà eyín fi ń fọ eyín. Ó ṣe abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n pẹ̀lú ìró tí etí kò lè gbọ́, tó ń fọ́ lẹ́ǹsì sí wẹ́wẹ́, tó sì ń fà á jáde. Ojú ihò tí wọ́n ń dá sí ẹyinjú wá kéré débi pé kò nílò rírán mọ́. Èyí ni phaco tí wọ́n ń ṣe káàkiri lónìí.

Lésà dé ní 2008, nígbà tí Zoltán Nagy lò ó ní Budapest. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń dá ihò síwájú ojú, tó ń gé awọ fẹ́lẹ́ tó bo lẹ́ǹsì ní róbótó, tó sì ń la lẹ́ǹsì náà sí ọ̀nà mélòó kan. Ọwọ́ ènìyàn kì í sábà gé e róbótó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé, lẹ́yìn gbogbo èyí, dókítà ṣì gbọ́dọ̀ ki phaco bọ ojú náà kó tó lè kó lẹ́ǹsì jáde.

Ní Faransé, wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì, ti lésà àti ti phaco nìkan, wé ara wọn lára ènìyàn 909. Ní Bìrìtìkó, lára ènìyàn 785. Àbájáde méjèèjì jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n fi lésà ṣe fún kò ríran ju àwọn yòókù lọ, owó tó bá a lọ sì pọ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé láìsí lésà ojú yín kò ní ríran dáadáa, ẹ má gbà.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn ṣì ni abẹ ń bá figagbága. Ìwádìí ìfọ́jú jákèjádò orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2007, fi hàn pé kàtáráàtì ló ń fọ́jú ènìyàn jù lọ. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti tọ́jú kàtáráàtì wọn, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún lé ní méjì nínú márùn-ún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ti fọ́.