Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Òkìtìpupa

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn jàǹdùkú ya bo ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Òkìtìpupa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwọ́de EndSARS, tí wọ́n fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, ti yíwọ́ káàkiri Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ náà. Kí ó tó rọlẹ̀, àgọ́ àti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá 205 ni àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá ní wọ́n bàjẹ́ tàbí tí wọ́n dáná sun. Ní Òkìtìpupa, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n 58 sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ọjọ́ yẹn sí ìjì òjijì. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí Òkìtìpupa wà nínú rẹ̀, yóò rí i pé kì í ṣe òjijì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí iye ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kò ti tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àwọn ará ìlú ló sì ń fi owó àpò wọn dí àlàfo náà, láti ìran dé ìran.

Kí òyìnbó tó dé, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ìkálẹ̀ kò fi ìgbà kan jẹ́ ìlú ńlá kan ṣoṣo tí odi yí ká. Àwọn ìlú olórí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n fọ́n sáàárín igbó kìjikìji àti omi: Àbòdì ní Ìkòyà, Jẹ́gun ní Ìdèpé tí Òkìtìpupa wà, Rẹ̀bùjà ní ilẹ̀ Òṣóòró, Ọlọ́fun ní Ìrèlè, Halu ní Ọ̀de-Ayé, àti àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń yẹ ọ̀nà, àwọn náà ni wọ́n sì ń jáde bí ogun tàbí olè bá dé. Àwọn ọdẹ ló mọ inú igbó. Ẹni tó bá jalè kì í ríbi sá sí, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ọ̀nà oko tí baba rẹ̀ ń gbà.

Ọlọ́pàá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dé kò bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlú. Ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1861, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ kékeré kan. Nígbà tó di 1879, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Haúsá tí iye wọn tó 1,200. Ìdí tí wọ́n fi mú àlejò ṣe é hàn gbangba: ẹni tí kò ní ìbátan nílùú kò ní ṣe ojúsàájú bí wọ́n bá ní kó yìnbọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n so ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di ọlọ́pàá Nàìjíríà kan ṣoṣo, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó.

Àmọ́ owó tí ìjọba òyìnbó fẹ́ ná kéré. Wọn ò lè gbé ọlọ́pàá Èkó sí gbogbo abúlé Ẹkùn Òkìtìpupa, tó kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpóì àti Ìjọ̀ Àrógbò pọ̀ sábẹ́ àkóso kan. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń pè ní akódà. Owó orí tí ìlú ń san ni wọ́n fi ń sanwó oṣù wọn. Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo: wọn á mú ìwé ìpè ilé ẹjọ́ lọ sóko, wọn á mú ẹni tó jẹ gbèsè owó orí, wọn á là ìjà lọ́jà, wọn á sì mú ọ̀daràn wá síwájú ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Kóńdó ni wọ́n ń mú lọ́wọ́, kì í ṣe ìbọn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jù ni ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ìlú.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́ṣọ̀ọ́ ju bí wọ́n ti rí lọ. Nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 dé, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ di ti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì di ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Láàárín 1962 sí 1966, nígbà tí rògbòdìyàn gba Ìwọ̀-Oòrùn kan, ẹgbẹ́ tó bá wà lórí oyè ni akódà ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ń mú alátakò, wọ́n fi ń dẹ́rù ba olùdìbò. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróò sára ilé àti ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun ti di ọ̀tá lójú ìdajì ìlú. Àwọn tó ń sọ lónìí pé kí gómìnà ní ọlọ́pàá tirẹ̀ ní láti dáhùn ìbéèrè tí ọdún 1965 fi sílẹ̀, nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ènìyàn kì í ṣe ìtàn àròsọ.

Nígbà tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Yusuf Gobir ṣe alága rẹ̀, láti wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀. Àbá tó jáde ni pé kí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Ní ìlà-oòrùn, wọn ò tilẹ̀ ní irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀. Ní Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba díẹ̀ nínú wọn sínú ọlọ́pàá Nàìjíríà, wọ́n sì dá àwọn yòókù dúró. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 fi èdìdì dì í, ti 1999 sì tún un sọ ní abala 214: ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní, kò sì sí òmíràn tí ẹnikẹ́ni lè dá sílẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyí. Wọ́n mú ẹni burúkú kúrò pẹ̀lú ẹni rere, wọn ò sì fi iye ènìyàn kan náà dípò wọn. Abúlé tí akódà ń gbé, tó ń jẹun nínú rẹ̀, tó ń lọ sóko nínú rẹ̀, di abúlé tí ọlọ́pàá ń wá sí nígbà tí ohun búburú bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Ẹni tó sì wá lè jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tí wọ́n gbé wá ní oṣù tó kọjá, tí wọ́n á tún gbé lọ ní ọdún tó ń bọ̀, tí èdè Ìkálẹ̀ kò yé.

Lẹ́yìn náà ni owó wá wọ́n. Láyé ológun, pàápàá lẹ́yìn ètò SAP ti 1986 tó gé ìnáwó ìjọba kúrú, ìgbanisíṣẹ́ ọlọ́pàá lọ sílẹ̀ gan-an, bárékè wọn ń jò, ọkọ̀ wọn ń kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé wọn yóò máa gba 40,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Iye ọlọ́pàá sì pọ̀ sí i ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ènìyàn pọ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò fi jẹun, tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́, tí wọn yóò fi rìn kò pọ̀ tó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2002, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀: àwọn ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀ nítorí owó tí ìjọba jẹ wọ́n. Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, tí ẹ̀mí púpọ̀ sì bá a lọ. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Musiliu Smith, nípò lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi Tafa Balogun, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, rọ́pò rẹ̀. Ní 2005, Balogun fúnra rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí owó ọlọ́pàá tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye náírà, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó tó yẹ kó ra epo sí ọkọ̀ tẹ́ṣàn ní Igbótako tàbí Ìlútìtun ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ọ̀gá lókè ti jẹ ẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Ìbínú tó bá ń gba ènìyàn lórí èyí kò pọ̀ jù.

Ní oṣù kìíní 2013, tẹlifíṣọ̀n Channels gbé kámẹ́rà wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ́lá jù tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé rí yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti jìn, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí 150 náírà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójúmọ́. Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù náà láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń bọ́ báyẹn ni wọ́n fẹ́ kó jáde wá tọ́jú ará ìlú.

Ohun tí gbogbo èyí túmọ̀ sí nínú tẹ́ṣàn kan ní ìgbèríko rọrùn láti rí. Ìyá kan dé síbi káńtà láti fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ti kó ẹyìn òun lọ lóko. Wọ́n ní kó ra ìwé tí wọ́n fẹ́ fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rà á. Wọ́n ní ọkọ̀ wà, epo ni kò sí. Bó bá rówó epo, wọ́n á tẹ̀ lé e; bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, olè náà sì mọ̀ pé ó ti parí. Lára ògiri níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé béèlì ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá tó ń gba irú owó yìí ló jẹ́ olè. Àwọn kan ń fi owó oṣù tiwọn ra bírò ìjọba.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Epo pupa ni agbára ibẹ̀, ilé iṣẹ́ epo Òkìtìpupa sì ti wà láti àwọn ọdún 1970. Bí agbègbè bá tóbi báyìí, tí ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 230,000 nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa nìkan, tí oko wà nínú igbó, tí ọ̀nà máàrósẹ̀ Ọ̀rẹ̀ sí Benin sì wà nítòsí, ọlọ́pàá mélòó kan kò lè dé gbogbo rẹ̀. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni òkùnkùn. Fún ọdún gbọọrọ ni iná mọ̀nàmọ́ná fi pòórá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó apá gúúsù nítorí gbèsè àti àríyànjiyàn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń pín in. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀, síbẹ̀ àtùpà ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń tàn ní gbogbo àkókò náà.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ onílé ń dáwó. Wọ́n á gbé irin dí ẹnu àdúgbò láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n á gba ọlọ́dẹ tó ń fọn fèrè. Ní abúlé, àwọn ọdẹ á so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, wọ́n á gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, wọ́n á rin ọ̀nà oko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó ń sanwó yìí ti san owó orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 2019, wọ́n yìnbọn pa Fúnkẹ́ Ọlákúnrin, ọmọ olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, Reuben Fasoranti, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ yẹn. Ìbínú tó tẹ̀ lé e ló sún àwọn gómìnà mẹ́fà Yorùbá láti dá ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, fi ní kò bófin mu. Wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, sì buwọ́ lu ti Oǹdó ní oṣù kẹta. Àwọn ọdẹ tó ti ń ṣọ́ oko láìgba nǹkan kan wà lára àwọn tí wọ́n gbà wọlé. Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí wọ́n gbé ìbọn tó tó ti ajínigbé. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn ti pa ó kéré tán 40 ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀, Akérédolú bi ìjọba àpapọ̀ ní gbangba pé kí ló dé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Kàtsínà fi lè gbé ìbọn ńlá tí ti Oǹdó kò sì lè gbé e.

Bí ẹnìkan bá ní ọlọ́pàá kò tó nítorí pé tálákà ni Nàìjíríà, kó gbọ́ èyí. Nínú nǹkan bí 371,800 ọlọ́pàá tó wà fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, àjọ kan ti ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ ní oṣù kọkànlá 2025 pé ó lé ní 100,000 tó ń tẹ̀ lé àwọn ọlọ́lá àti olóṣèlú kiri. Ní oṣù yẹn kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá náà kúrò lẹ́yìn àwọn ọlọ́lá, ó sì ní kí wọ́n gba 50,000 ọlọ́pàá tuntun.

Orílẹ̀-èdè olówó pàápàá ti gé ọlọ́pàá rí. Ní England àti Wales, ìjọba gé ju 20,000 ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn 2010 láti dín ìnáwó kù. Nígbà tó di 2019, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá 20,000 kiri. Ẹni tuntun ni wọ́n gbà. Ìrírí àwọn àgbà tó ti lọ kò bá wọn padà.

Àbá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti wà lórí tábìlì láti ìgbà tí Ààrẹ àti àwọn gómìnà fẹnu kò lé e ní oṣù kejì 2024. Lórí ọ̀rọ̀ owó, ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Bí òfin ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bá kọjá, ó ku kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ ẹni tí yóò máa sanwó oṣù ọlọ́pàá Òkìtìpupa, ẹni tí yóò lè lé e lẹ́nu iṣẹ́, àti ibi tí ìyá tí wọ́n jí ẹyìn rẹ̀ kó yóò gbà sùn bí ọlọ́pàá náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba.