Ìròyìn Ọmọ, Láti Ọwọ́ Ọmọ Dé Orí Fóònù

Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé ìròyìn ara rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n ti pín rìpọ́ọ̀tì káàdì. Ó ti fi í há àárín ìwé kí òjò má baà pa á. Ó ku kó dojú kọ ọ̀nà. Ohun tí tíṣà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀ ló wà nínú páálí pẹlẹbẹ yẹn: máàkì, ipò tí ọmọ ṣe, iye ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, àti gbólóhùn kan lórí ìwà rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni òbí yóò ti buwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tó ju 800,000 lọ ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Lọ́dún tó ṣáájú, nǹkan bí 457,000 ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wọn kò mọ̀wé. Ọmọ tó gbé káàdì wá náà ni wọ́n á ní kó kà á. Ẹni tó ṣe ipò kejìdínlógójì ni yóò túmọ̀ ohun tí tíṣà kọ fún bàbá rẹ̀! Bàbá tó bá fura á ránṣẹ́ pe ọmọ aládùúgbò kó wá tún un kà, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ka síbi ìbuwọ́lùwé.

Káàdì nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Tíṣà ń gbé àárín ìlú, ó sì ń ra ata lọ́wọ́ àwọn ìyá ọmọ. “Ẹ kú ọjà o, Ìyá Àkànní. A ò rí Àkànní lánàá o.” Ó ti tó. Àkànní lè ṣàlàyé, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó sì lè purọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ìròyìn náà lọ́wọ́ ọmọ àti tíṣà. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ilé-ìwé Brittan ní ìlú kékeré Sutter, ní Califọ́níà, fi báàjì kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Fọ́tò àti orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀. Ohun tí ojú kò rí ni ẹ̀rọ bíńtín inú rẹ̀, tó ń fi ìgbì rédíò sọ nọ́ńbà ọmọ fún ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n kàn sókè ilẹ̀kùn. Bí ọmọ bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, orúkọ rẹ̀ á hàn lórí ẹ̀rọ ọwọ́ tíṣà. Wọ́n tilẹ̀ kan ẹ̀rọ òkè ilẹ̀kùn náà sí ẹnu ilé ìtọ̀. Àwọn òbí fárígá pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ bí ACLU dá sí i, nígbà tí oṣù kejì yóò sì fi parí, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sára aṣọ. Ní Vitória da Conquista, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ìjọba ìlú fún nǹkan bí 20,000 ọmọ ní ẹ̀wù ilé-ìwé tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, lábẹ́ àmì ilé-ìwé tàbí lápá. Wọ́n lè fọ̀ ọ́, wọ́n lè lọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé sórí fóònù òbí. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ tí a kò rí i, òmíràn á tún dé. Ìdí tí àwọn aláṣẹ sọ wọni lára: òbí ń sáré lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì láìrí i kó wọlé.

Ní San Antonio, ní Texas, owó ló wà nídìí tiwọn, torí iye ọmọ tó bá wá ni ìjọba fi ń díwọ̀n owó tó ń fún ilé-ìwé. Nǹkan bí 4,200 ọmọ ní ilé-ìwé méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé káàdì elẹ́rọ kọ́rùn lọ́dún 2012. Lọ́dún 2013, wọ́n pa á tì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ló ṣínà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé, WhatsApp tẹ̀lé e. Ẹ̀rù ajínigbé sì tún dé. Wọ́n jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó rí ilé. Ní Emùré-Èkìtì, lọ́dún 2024, inú ọkọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ. Òbí tó bá ní kí fóònù sọ fún òun pé ọmọ òun ti wọ géètì kò ṣe àṣejù rárá.

Ṣùgbọ́n pé ọmọ sùn ní kíláàsì, pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ọwọ́ ọmọ kọjá ni. Lónìí, agogo ìparí ẹ̀kọ́ ṣì ń dún lọ́wọ́ tí fóònù ìyá rẹ̀ ti dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá atarodo, ìyá sì ti mọ gbogbo rẹ̀ kí ọmọ tó kúrò lórí àga. Ọmọ ọdún 1955 ní gbogbo ọ̀nà ilé láti fi ro ohun tí yóò sọ fún bàbá rẹ̀ nípa ipò kejìdínlógójì.